Ògúndípẹ̀ àti Ilé Dígí Orí Àpáta

Bí ẹ bá dé Ìdànrè, tí ọ̀kadà já yín sílẹ̀ ní Odòde, tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé láti ibẹ̀, nínú ilé mẹ́wàá tí ẹ bá kà, mẹ́fà ló ti ọwọ́ Ògúndípẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé òun ló kọ́ wọn o. Òun ló ya púláànù wọn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ya ilé fún àwọn ará ìlú nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ibi tí àgùntàn méjì lè dùbúlẹ̀ sí: tábìlì gíga kan, rúlà gígùn kan, àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó fi bébà tó ká ti nísàlẹ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ilé kan náà ni gbogbo wọn. Yàrá mẹ́rin, pálọ̀ láàárín, fàráńdà olópòó méjì níwájú. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Oníbàárà kò tíì ní jókòó tán tí yóò fi wí pé, "Bàbá Ṣèyí, èyí tí ẹ yà fún Felix yẹn náà ni kẹ́ ẹ yà fún mi." Oníkòkó ni Felix tí wọ́n ń wí yìí, òun náà ló sì jìyà rẹ̀ jù. Lọ́jọ́ kan tó ti ibi ìnáwó bọ̀ pẹ̀lú ẹmu díẹ̀ lójú, ilé aládùúgbò rẹ̀ ló yà sí. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí tábìlì, ó pàṣẹ oúnjẹ, ó jẹ iyán tán, ó tún ráhùn pé ọbẹ̀ kò níyọ̀, kó tó ṣàkíyèsí pé ìyàwó tó ń wo òun tìyanu-tìyanu kì í ṣe ìyàwó òun. Títí dòní, bí wọ́n bá fẹ́ fi Ògúndípẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọn á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ fi Felix sílé onílé."

Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kì í kọjá eyín.

Láti ìgbà tó ti kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ló ti ń wá ilé kan, ẹyọ kan péré, tí yóò lè na ìka sí pé, "Èmi ni mo ya ìyẹn." Kò rí i. Kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ orúkọ rẹ̀ sí igun bébà. Ẹni tó gbàwé ẹ̀rí ńlá ló gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ lé púláànù kí káńsù tó gbà á, nítorí náà ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Àkúrẹ́ ló ń kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá á lu òǹtẹ̀ gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó ń pa eṣinṣin, kò ní wo ohun tó wà nínú bébà. Orúkọ ọ̀gá ló ń dúró síbẹ̀. Ògúndípẹ̀ á ká bébà rẹ̀, á wọkọ̀ padà sílé.

Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ tirẹ̀ nínú àwọn ilé náà, tí kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é. Lápá ọ̀tún fàráńdà, yóò fi pẹ́ńsùlù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ yí àyè kan ká, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀. Kò ní kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Káńsù kì í bi í. Onílé náà kì í bi í, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ kó tó wo yàrá, á sì mí kanlẹ̀. Sàréè ni. Lójú ará Ìdànrè, ilé tí wọn kò lè sin onílé sí, ilé àlejò ni. Bàbá Ògúndípẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lápá ọ̀tún fàráńdà tiwọn, lábẹ́ táìsì aláwọ̀ ewé, orí rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Àdúràọlá pè é láti Àbújá. Àdúràọlá yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Àdúrà bí, ìyẹn màmá ìjọ Aládùúrà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ìyáálé rẹ̀ ló ni yàrá iwájú. Nígbà tí ìyáálé kú, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn níwájú ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jogún iwájú náà mọ́ ọn. Àyè tó kù fún Ìyá Àdúrà, láàyè àti lẹ́yìn ìyẹn, wà ní ẹ̀yìnkùlé, láàárín ilé ìdáná àti ilé adìyẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Àdúràọlá wí lórí fóònù, "mo fẹ́ kọ́lé fún Màmá. Kì í ṣe irú ti Felix o."

"Irú wo wá ni?"

"Ẹ wo WhatsApp yín, sà."

Ògúndípẹ̀ wò ó. Ilé àwọn òyìnbó ni, tó dúró lára òkè bí ẹyẹ tó bà sí ẹ̀ka igi, dígí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Èyí tí bàbá mi fún wa lẹ́sẹ̀ òkè. Ibi tí wọ́n ti máa ń sá kòkó."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ilẹ̀ náà. Àpáta gbàǹgbà tó dagẹ̀rẹ̀ débi pé ewúrẹ́ gan-an á dúró rò ó kó tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ ìyáálé ti pín gbogbo ilẹ̀ tó tẹ́jú láàárín ara wọn, wọ́n wá fi ògiri òkúta ta ọmọ ìyàwó kékeré lọ́rẹ.

"Ẹ bá mi yà á, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ tí a bá ṣí i, orúkọ yín la máa gbẹ́ sára òkúta ẹnu ọ̀nà. *Ògúndípẹ̀ ló ya ilé yìí.* Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá Àkúrẹ́ máa lu òǹtẹ̀ rẹ̀ lọ."

Oṣù mẹ́rin ni Ògúndípẹ̀ fi wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Bí Tinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, á yára fi apá bo bébà mọ́lẹ̀.

"Bàbá Ṣèyí, ṣé ilé lẹ̀ ń yà ni àbí ìwé lẹ̀ ń kọ sí àlè?"

"Máa lọ sílé, jọ̀ọ́."

"Ó dáa. Ẹ kí i fún mi. Ẹ ní ìyáálé rẹ̀ ní kó máa fún yín lóúnjẹ, ẹ ti rù."

Ó rù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú ilé tó ń jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀! Ilé alájà mẹ́ta tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, tó jẹ́ pé òrùlé èyí tó wà nísàlẹ̀ ni fàráńdà èyí tó wà lókè. Òpó irin ló gbé e dúró, wọn kò sì ní gé àpáta náà ju ibi tí òpó yóò gbà wọlé lọ. Gbogbo iwájú rẹ̀ jẹ́ dígí tó kọjú sí òkè. Nítorí orúnkún Ìyá Àdúrà, kò fi àtẹ̀gùn sí ọ̀nà àbáwọlé. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló yà, tó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta gbáko kó lè wo bí màmá náà ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ó wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń dé kó lè mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yóò wà. Wọ́n rò pé ó ti ronú pìwà dà.

Ilẹ̀ nìkan ló fún un níṣòro. Ó gbé ọ̀pá irin, ó gun àpáta náà, ó ń gún un níbi gbogbo láti mọ ibi tí yẹ̀pẹ̀ wà. Kang! Kang! Kang! Òkúta látòkè délẹ̀. Àfi lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, lábẹ́ igi ọsàn kan, níbi tí irin náà ti wọlé wọ̀ọ̀, tó rì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ògúndípẹ̀ fò sókè bí ọmọ ọdún méje. Ilé tó wà lórí àpáta gbọ́dọ̀ ní ibi tí ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò máa rì sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ ni yóò máa ṣàn lé. Ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà yí ibẹ̀ ká. Sókàwéè. Ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn ilé òyìnbó inú fóònù tó ń wò kò ní fàráńdà olópòó méjì, nítorí náà kò sí apá ọ̀tún fàráńdà tí pẹ́ńsùlù rẹ̀ ì bá yà sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ó kọjá ibẹ̀ láìdúró.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ilé náà di ìran. Àwọn obìnrin tó ń sá kòkó lórí àpáta kejì kò jẹ́ kó sinmi.

"Bàbá Ṣèyí, bí Ìyá Àdúrà bá ń wẹ̀, ṣé ká máa pàtẹ́wọ́ ni àbí ká dijú?"

"Balùwẹ̀ kò ní dígí, ẹ̀yin olófòófó!"

"Ẹ jẹ́ kó ní, ẹ̀yin náà. Ilé ọ̀hún á pé."

Felix gan-an gun òkè wá wò ó, ó yí i po, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Èyí dáa. Èmi á ti rí ìyàwó tó wà nínú rẹ̀ láti ìta kí n tó bọ́ bàtà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi dígí ìkẹyìn sí i, òrùn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè. Ògúndípẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó wòkè. Òkè ńlá kan wà lẹ́yìn ilé, òkè ńlá kejì wà nínú dígí, àwọsánmà sì ń rìn kọjá nínú pálọ̀. Kò mọ ìgbà tí omi dé ojú rẹ̀. Agbẹ́kùúta tí wọ́n pè láti Ofosu ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára òkúta ẹnu ọ̀nà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ọwọ́ ọmọdé: ÒGÚNDÍPẸ̀ LÓ YA ILÉ YÌÍ. Ó ní òun yóò gbẹ́ ẹ wọlé bí wọ́n bá ti gbàdúrà ìṣílé tán.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìṣílé ni wọ́n fi takisí gbé Ìyá Àdúrà wá. Ó ti ní òun kò ní fojú kan ilé náà àfi tó bá parí. Ó wọ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ gun ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà láìdúró lẹ́ẹ̀kan. Ó fi orí ìka kan kan dígí, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ògún, ọmọ mi, ṣé ilé nìyí àbí odò?"

"Ilé ni, mà. Ilé yín ni."

"Ta ló sọ fún ọ pé orúnkún ń dùn mí tí o fi ṣe ọ̀nà báyìí?"

"Mo rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, mà."

"Áà! Ìyẹn lo wá ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta yẹn? Èmi ti gbààwẹ̀ ọpẹ́ lórí rẹ o! Mo ní ẹlẹ́ṣẹ̀ Odòde ti yí padà." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, kọ́kọ́rọ́ kò ga jù, kò sì kúrú jù. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní yàrá rẹ̀, ó kọjú sí òkè. "Bí mo bá ń gbàdúrà níhìn-ín, kò sí ẹ̀yìn ẹnì kankan níwájú mi mọ́. Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ."

Ògúndípẹ̀ na ọwọ́ sí i kó lè gbé e dìde.

Ìyá Àdúrà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ó ti tó. Wàyí o, mú mi lọ wo tèmi."

"Yàrá yín la wà yìí, mà."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe yàrá. Tèmi ni mo wí."

Kò yé e. Ó tilẹ̀ ń wo ẹ̀gbẹ́ bóyá àpótí kan wà tí màmá náà ní kí wọ́n bá òun gbé wá.

"Apá ọ̀tún ni o máa ń fi í sí," ni màmá wí. "Mo rí i nílé Felix, mo rí i nílé gbogbo wọn. Àdúràọlá ní òun kò rí i nínú bébà, mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀, mo ní Ògún kò jẹ́ gbàgbé tèmi."

Nígbà náà ló yé e. Ó tẹ̀ lé e jáde bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ síwájú adájọ́. Ìyá Àdúrà fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lápá ọ̀tún ilé. Kang. Ó lọ sápá òsì. Kang. Ó wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti gé igi ọsàn.

"Ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Yẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbin ata sí nígbà tí a ń sá kòkó." Ó fojú wá a, ó rí ìdérí kọnkéré, ó rí páìpù tó nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kí lẹ rì síbẹ̀?"

Ó lè purọ́. Irọ́ náà wá sẹ́nu rẹ̀ gan-an.

"Omi ni, mà."

"Omi wo?"

"Omi... omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mà."

Àwọn obìnrin orí àpáta kejì ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó, ìró rẹ̀ ń dún ṣàà, ṣàà. Nígbà tó yá, Ìyá Àdúrà rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí Ògúndípẹ̀ ì bá sanwó kí ó má ṣe rín.

"O wo ẹsẹ̀ mi, o ṣe ọ̀nà fún un. O wo ọwọ́ mi, o ṣe kọ́kọ́rọ́ fún un. O wo gbogbo ara mi tán, Ògún, o wá gbàgbé pé mo máa kú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo máa wá nǹkan ṣe sí i, mà, ẹ dákun..."

"Dìde. Kí ni ò ń dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta fún? Ilé rẹ dára. Mi ò rí irú rẹ̀ rí." Ó wo òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹ̀yìn ìyáálé mi ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wà. Mo ti rò pé mo bọ́."

Ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àdúràọlá pè.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní mi ò rí i nínú bébà, Màmá ló ní ẹ ò jẹ́ gbàgbé. Kí ni èmi tí mo wà ní Àbújá mọ̀? Ẹ̀yin lẹ wà ní Ìdànrè! Ṣáláńgá lẹ fi ibojì ìyá mi ṣe!"

"Àdúrà, àṣìṣe ni, kì í ṣe..."

"Ẹ ṣeun, sà." Ó gé fóònù náà.

Wọ́n gbìyànjú. Wọ́n ní kí wọ́n kó sókàwéè náà kúrò, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ni àwọn bíríkìlà ti ń lò ó, ta ló máa gbé ìyá rẹ̀ sínú ìyẹn? Bí wọ́n bá sì kó o, kò sí ibòmíràn tí ilé náà lè gbé ìdọ̀tí sí. Wọ́n ní kí wọ́n fi àdó olóró fọ́ àpáta, ṣùgbọ́n dígí kan kò ní ṣẹ́kù. Agbẹ́kùúta wá dá iná sórí òkúta lápá ọ̀tún, ó da omi sí i kó lè là bí àwọn baba ṣe ń ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Kí ó tó di ọ̀sán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti là láti igun dé igun dígí yàrá màmá náà. Ìyá Àdúrà gbọ́, ó ránṣẹ́: "Ẹ fi í sílẹ̀. Kí wọ́n má fọ́ ilé ọmọ mi nítorí mi."

Wọn kò ṣe ìṣílé, Ìyá Àdúrà kò sì kó wọ ilé náà. Agbẹ́kùúta padà sí Ofosu láìgbẹ́ lẹ́tà kankan. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn ló fọ ṣọ́ọ̀kì náà kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ÒGÚN.

Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn náà, nígbà ìkórè kòkó, Ìyá Àdúrà kú ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n sin ín sáàárín ilé ìdáná àti ilé adìyẹ. Ògúndípẹ̀ dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó ń wo bí ṣọ́bìrì ṣe ń wọ ilẹ̀ wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ tán. Àdúràọlá bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ògúndípẹ̀, ó bọ ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ní báyìí, àwọn àlejò tó ń wá gun Òkè Ìdànrè ni wọ́n ń fi ilé náà háyà fún. Wọn á sùn ọjọ́ méjì, wọn á ya fọ́tò níwájú dígí, wọn á lọ. Fọ́tò náà wà káàkiri orí ẹ̀rọ ayélujára, orúkọ tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ ni ti ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lára púláànù. Ọ̀gá Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ pe Ògúndípẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ògún, jọ̀ọ́, ilé wo ni wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́ lé lórí yìí?"

"Ilé kan ni, sà," ni Ògúndípẹ̀ dáhùn. "Ilé àlejò."

Tinúkẹ́ gbìyànjú láti mú un rẹ́rìn-ín. Ó gbé oúnjẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ ṣáà dúpẹ́, Bàbá Ṣèyí. Títí dòní, Felix kò tíì ṣi ilé yẹn wọ̀." Ògúndípẹ̀ ń wo ọbẹ̀. Tinúkẹ́ kò rí ẹ̀rín, ó wá jókòó sí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú náà, ó sún abọ́ náà mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan wọlé tòun ti ìwé ilẹ̀ rẹ̀. "Ẹ káàsán, sà. Èyí tí ẹ yà fún Bàbá Felix yẹn náà ni mo fẹ́."

Ògúndípẹ̀ tẹ́ bébà sílẹ̀. Kò fa ìlà ògiri kankan. Ó lọ tààrà sápá ọ̀tún, ó wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó wọn mẹ́rin, ó tẹ pẹ́ńsùlù mọ́ ọn débi pé ẹnu rẹ̀ kán. Ó gbẹ́ ẹ, ó tún ìlà náà fà, ó tún un fà lẹ́ẹ̀kan sí i títí ó fi dúdú kirikiri.

Olùkọ́ náà na ọrùn. "Sà, ilé ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀," ni Ògúndípẹ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.